Wọ́n bá hẹpatáítìsì B lára mi lẹ́yìn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa ẹ̀gbọ́n mi

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, aṣọ ni mò ń tà ní Òkè-Àjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú lọ́dún yìí, kò tíì pé ọmọ ọdún 44. Ikùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n, ó rù kan eegun, kò sì lò ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ. Dókítà ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé wa ní wọ́n fún un ní nǹkan jẹ ni, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan tó wà láàárín wa. Èmi náà wá lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní mo ní hẹpatáítìsì B. Kò síbi tó ń dùn mí. Ṣé èmi náà ti ní jẹjẹrẹ nìyẹn? Àwọn kan ní kí n má fi ẹ̀pà mu gààrí mọ́, àwọn kan ní kí n wá gba àgbo tó ń wẹ ẹ̀dọ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, mi ò sì tíì sọ fún ọkọ mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ọlọ́run yóò tu gbogbo ilé nínú, a ò sì ní rí irú rẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń dà yín láàmú jù ni kí n kọ́kọ́ dáhùn. Rárá, pé wọ́n bá hẹpatáítìsì B, kòkòrò àìfojúrí tó ń bá ẹ̀dọ̀ jà, lára yín kò túmọ̀ sí pé ẹ ti ní jẹjẹrẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní in ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kò ní ṣe títí wọn á fi darúgbó. Àmọ́ ẹ kì í ṣe ẹni tí mo lè ní kó lọ sílé kó lọ fọkàn balẹ̀. Ẹni tí àìsàn yìí bá ti pa ọmọ ìyá rẹ̀, tí wọ́n sì tún bá kòkòrò náà lára òun, ewu tirẹ̀ ga ju ti ẹlòmíì lọ, ìtọ́jú rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ibi tó dáa níbẹ̀ ni pé nǹkan kan ò tíì ṣe yín. Àsìkò tí ara ṣì le yìí ni ọwọ́ wa lè ká a. Bí ikùn bá ti wú, ìwọ̀nba ni dókítà èyíkéyìí lè ṣe.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ní Ìjẹ̀bú. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká yọ ọwọ́ ará ilé kúrò nínú ikú yìí. Ohun tó ń mú un jọ májèlé ni bó ṣe ń yára lójú àwọn tó ń wò ó: lóṣù kìíní ọkùnrin náà ṣì ń lọ síbi iṣẹ́, lóṣù kẹta wọ́n ń gbé e. Wọn ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n rí lóṣù mẹ́ta yẹn ti ń bọ̀ láti ọdún pípẹ́. Inú ẹ̀dọ̀ kì í dunni. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò ó nìkan ló ń mọ ìrora. Kókó lè tóbi tó ìkúùkù nínú rẹ̀, kí ènìyàn má rí nǹkan kan ju pé oúnjẹ kì í wù ú jẹ mọ́, pé ikùn rẹ̀ ń yára kún, kó sì máa fi oògùn ọgbẹ́ inú tì í. Ẹ̀dọ̀ tó kù á ṣì máa ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀. Ọjọ́ tí kókó bá ti awọ yẹn, tàbí tó dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú ẹ̀dọ̀, ni ìrora á dé, ikùn á kún fún omi, ojú á pọ́n. Ẹbí á wá máa ka ọjọ́ láti ọjọ́ náà.

Bó bá sì jẹ́ pé ayé ló ń fi jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ṣe ènìyàn, kí ló dé tí abẹ́rẹ́ àjẹsára fi ń dá a dúró? Ní 1984 ni ìjọba Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ hẹpatáítìsì B. Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn dàgbà díẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti dín kù gan-an láàárín àwọn ọmọdé ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ kì í dá ọ̀tá ẹni lọ́wọ́ kọ́.

Irú jẹjẹrẹ tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ látinú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní HCC, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ rí lẹ́tà mẹ́ta yìí lórí ìwé ẹ̀gbọ́n yín. Ó yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ìfun tó ti ibòmíì ràn dé ẹ̀dọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, hẹpatáítìsì B ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú HCC. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64, bí 8 ló ní hẹpatáítìsì B, bí ẹnì kan péré ló sì ní C. Ẹ fojú inú wo iye ènìyàn tó ń kọjá níwájú ìsọ̀ yín lọ́jọ́ ọjà.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bí yín ni kòkòrò yìí wọ ara yín, tàbí nígbà tí ẹ ṣì ń rá. Ara ọmọ ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n lé: nínú ọmọ tuntun 10 tó bá kó o lára ìyá rẹ̀, bí 9 ni yóò gbé e dàgbà. Àgbàlagbà ń lé e lọ. Nínú 100 wọn, kì í sábà ju 5 lọ tó máa dúró sí lára. Abẹ olóòlà tí wọ́n fi kọlà fún ọmọ tó pọ̀, abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò léraléra, egbò tó kan egbò níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, gbogbo ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ní 2004 ni Nàìjíríà fi àjẹsára rẹ̀ kún èyí tí wọ́n ń gún fún gbogbo ọmọ. Èmi tí mò ń dá yín lóhùn, ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n yín, kò sí ọ̀kan nínú wa tó gbà á nígbà tó yẹ.

Bó bá ti pẹ́ lára, kì í kàn gbé inú ẹ̀dọ̀ lásán. Ó ń rọ́ díẹ̀ lára ara rẹ̀ sínú àbùdá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, bí ayálégbé tó lọ kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé ilé onílé. Lẹ́yìn náà, bí ara ṣe ń bá a jà ni ẹ̀dọ̀ ń gbọgbẹ́, tó ń jiná, tó tún ń gbọgbẹ́, títí tí àpá á fi gba ibẹ̀ kan, tí ẹ̀dọ̀ á le gbagidi. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sìróòsì, ibẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ ti sábà máa ń hù. Àmọ́ ti hẹpatáítìsì B burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: nítorí ohun tó rọ́ sínú àbùdá yẹn, jẹjẹrẹ lè bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ tí kò tíì le rárá. Ìdí nìyẹn tó fi ń pa àwọn ọkùnrin tí kò tíì pé 50 nílẹ̀ wa, tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ bọ́ ilé.

Ó wá ku ẹ̀pà. Inú mi dùn pé ẹ béèrè, torí òtítọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín, ṣùgbọ́n gààrí kọ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, tí wọ́n yan gbẹ, kò ní ẹjọ́ rò. Ẹ̀pà tó ti bu ni ká fura sí. Olú kan wà tó ń jẹ́ Aspergillus flavus, ó ń hù lára ẹ̀pà, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ tí kò gbẹ dénú kí wọ́n tó kó o pamọ́, ó sì ń su oró kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ní 1960, oró yìí pa tòlótòló tó lé ní 100,000 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹ̀pà tí wọ́n pò mọ́ oúnjẹ wọn. Láti ibẹ̀ ni ayé ti mọ̀ ọ́n. Ibi tí òun àti hẹpatáítìsì B ti pàdé ni ọ̀rọ̀ wà fún ẹ̀yin. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Shanghai, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1994, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lára ẹni tó ní oró yìí nìkan jẹ́ bí ìlọ́po 3 ti ẹni tí kò ní nǹkan kan; ẹni tó ní hẹpatáítìsì B nìkan, bí ìlọ́po 7; ẹni tó ní méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 60.

Nítorí náà ẹ lè mu gààrí yín. Ẹ kàn ṣa ẹ̀pà rẹ̀. Èyí tó hunjọ, tó dúdú, tó ní nǹkan bí ìyẹ̀fun lára, ẹ dà á nù, ẹ má fún adìẹ jẹ. Èyí tó bá korò lẹ́nu, ẹ tu ú síta, ẹ má gbé e mì nítorí ojú ènìyàn. Yíyan àti sísè kì í pa oró náà tán. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju ẹ̀pà lọ ni kúlíkúlí àti ẹ̀gúsí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ lọ́jà, torí ohun tí wọ́n ti lọ̀ kò ṣeé ṣà mọ́. Ẹ ò mọ irú èyí tí ẹlẹ́rọ lọ̀ mọ́ ọn. Ẹ ra ẹ̀gúsí oníhóró, kí ẹ lọ̀ ọ́ fúnra yín.

Ọtí náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ní hẹpatáítìsì ni kò sì yẹ kó kàn ẹnu yín mọ́, ì báà jẹ́ níbi òde. Ìsanra ikùn àti àtọ̀gbẹ náà ń dá kún un.

Ní ti àgbo tó ń wẹ ẹ̀dọ̀, mi ò bá oníṣègùn ìbílẹ̀ jà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí àgbo yẹn fi ń gba orúkọ rere. Ẹni tó ní hẹpatáítìsì B, ara rẹ̀ kì í sábà ṣe nǹkan kan fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá mu àgbo, ara rẹ̀ á le. Bó bá mu omi lásán, ara rẹ̀ á le. Àgbo ló máa gba ìyìn. Kò sí àgbo tí a tíì fi àyẹ̀wò rí i pé ó lé kòkòrò yìí kúrò lára, àwọn ewé kan wà tí wọ́n ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, èyí tí wọ́n sì fi ògógóró rẹ tún fi ọtí kún un. Ẹ má mu ún.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ mú ìwé àyẹ̀wò yín, kí ẹ lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀dọ̀ ní OOUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, ní Ṣàgámù tàbí ní ilé ìwòsàn Babcock ní Ìlíṣàn. Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kò jìnnà. Gbólóhùn tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ ni pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló pa ọmọ ìyá yín. Àwọn aláìsàn sábà máa ń gbàgbé láti sọ ọ́, ó sì lè yí gbogbo ìtọ́jú padà. Ní 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ìlànà ìtọ́jú hẹpatáítìsì B di gbẹ̀fẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: lára àwọn tí wọ́n ní kí a fún ní oògùn ni ẹni tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tàbí sìróòsì bá wà nínú ẹbí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọn ì bá ní kí ẹ lọ dúró dìgbà tí ẹ̀dọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ láti mọ iye kòkòrò tó wà níbẹ̀, bóyá ẹ̀dọ̀ ń gbọgbẹ́, bí kíndìnrín ṣe wà, àti bóyá hẹpatáítìsì C, D tàbí HIV bá a rìn. Bó bá jẹ́ C ni wọ́n rí, ẹ má bẹ̀rù: oògùn oníhóró tí ènìyàn ń lò fún bí oṣù mẹ́ta máa ń lé e tán. B kò tíì ní irú rẹ̀. Oògùn tirẹ̀ tó wọ́pọ̀ ni tenofovir, hóró kan lójúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í lé kòkòrò náà tán, ṣùgbọ́n ó ń dì í mọ́lẹ̀, ó sì ń dín ewu jẹjẹrẹ kù. Kì í sọ ọ́ di òfo. Ẹ má dá a dúró lójijì fúnra yín torí pé ara yín le, ẹ̀dọ̀ lè gbiná. Tenofovir wà lára oògùn tí wọ́n ń lò fún HIV pẹ̀lú, àwọn kan sì ti sá kúrò nídìí ìtọ́jú nítorí pé aládùúgbò rí páálí rẹ̀. Ẹ lè sọ páálí nù, ṣùgbọ́n ẹ fi oògùn sílẹ̀ nínú ìgò tirẹ̀, kí ẹ dé e pa, kí ẹ máa lò ó.

Yálà wọ́n fún yín lóògùn tàbí wọn ò fún yín, sikáànì ikùn lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà ni ohun tí mi ò ní gbà kí ẹ fò. Irú èyí tí wọ́n ń fi nǹkan tútù pa ikùn, bí ti aláboyún. Oṣù mẹ́fà kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn fẹnu sọ: kókó HCC sábà máa ń gba oṣù díẹ̀ kó tó di ìlọ́po méjì, nítorí náà ẹni tó ń yẹ ara rẹ̀ wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà lè bá a nígbà tó ṣì kéré. Ẹni tó dúró fún ọdún méjì ti fún un láàyè. Wọ́n á tún yẹ ohun kan wò nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AFP. Bó bá ga, kó máa ga sí i, a ní láti wá ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè má ga rárá nígbà tí jẹjẹrẹ ti wà níbẹ̀, oyún náà sì máa ń gbé e sókè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi AFP nìkan tù yín nínú láìṣe sikáànì.

Bí sikáànì bá rí ohun kan, CT scan ló kàn, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún ènìyàn ní oògùn àwòrán gba iṣan. Ẹ̀dọ̀ ń gba ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù rẹ̀ láti ìfun, kókó HCC sì ń mu ti iṣan tó wá láti ọkàn. Oògùn náà á kọ́kọ́ mú kókó tàn yanran, lẹ́yìn náà á ṣókùnkùn ju ibi yòókù lọ. Ẹni tó mọ àwòrán yìí wò lè dá a mọ̀ lára ẹni tó ní hẹpatáítìsì B tó ti pẹ́ láìgé ẹran ara rẹ̀ wò.

Ìtọ́jú wà, ó sì dá lórí bí kókó ṣe tóbi tó àti bí ẹ̀dọ̀ tó yí i ká ṣe lágbára tó. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan nínú ẹ̀dọ̀ tí kò le, wọ́n lè gé e kúrò. Ẹ̀dọ̀ tí ara rẹ̀ dá lè fara da kí wọ́n gé tó ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, ó sì ń hù padà. Kókó tí kò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, wọ́n lè fi ooru jó o níbi tó wà láìla ikùn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò sì tíì jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀, wọ́n lè ti inú iṣan rán oògùn jẹjẹrẹ lọ bá a, kí wọ́n sì dí iṣan tó ń bọ́ ọ. Wọ́n tún lè pààrọ̀ ẹ̀dọ̀, bí kókó bá jẹ́ ẹyọ kan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, tàbí tí wọn kò ju kókó mẹ́ta lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Ìlú Milan ni ìlànà yẹn ti jáde ní 1996. Àwọn tiwa tó bá máa ṣe ìyẹn sábà máa ń lọ sí Índíà, owó rẹ̀ kì í sì ṣe kékeré.

Irú ti ẹ̀gbọ́n yín, tí omi ti kún ikùn, tí ojú ti pọ́n, kò sí nínú gbogbo èyí. Ní 2007 ni wọ́n fọwọ́ sí sorafenib, oògùn oníhóró, fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Nínú ìdánwò rẹ̀, ìdajì àwọn tó lò ó ṣì wà láàyè ní bí oṣù 10 lé díẹ̀, àwọn tí kò lò ó sì jẹ́ bí oṣù 8. Àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni wọ́n kó sínú ìdánwò náà. Láti 2020, abẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń gún pọ̀, atezolizumab àti bevacizumab, ti ṣe ju sorafenib lọ, owó ni kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ wa. Bí àwọn dókítà bá ní kò sí ohun tí àwọn lè gé, tí wọ́n fa omi ikùn rẹ̀, tí wọ́n fún un ní oògùn ìrora tó lágbára, kì í ṣe pé wọ́n pa á tì. Ìtọ́jú tó yẹ irú ipò yẹn nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má ṣe dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé àwọn ò gbé e dìde lọ sí ibòmíì.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò fún ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gba àjẹsára wọn pé. Èyí tí wọ́n ń gún láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí ọmọ ló ń dènà ti ìyá sí ọmọ, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé wọn ò gún un lọ́jọ́ yẹn, pàápàá bó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Gbogbo ọmọ ìyá yín tó kù náà gbọ́dọ̀ ṣe é, ìyá yín pẹ̀lú bí wọ́n bá wà láyé. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá rí i lára ìyá, kí ẹnikẹ́ni má yí ẹjọ́ májèlé padà sórí wọn. Àwọn náà kò mọ̀, ẹnì kan ló kó o ràn wọ́n.

Mo tún fẹ́ sọ èyí fún yín gẹ́gẹ́ bí alásọ. Kí Ojúde Ọba tó dé, ọ̀dọ̀ yín ni regbẹ́rẹgbẹ́ á ti wá ra aṣọ ẹgbẹ́, owó tó ń lọ níbẹ̀ ò sì kéré. Owó àyẹ̀wò hẹpatáítìsì B kò tó ti gèlè. Ẹgbẹ́ tó bá pe òṣìṣẹ́ ìlera wá sí ìpàdé wọn kan kó wá tọ́ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wò ti ṣe ohun tí ìjọba ò tíì ṣe tán fún wa.

Ní ti ọkọ yín, ẹ sọ fún wọn. Ẹ mú wọn dání lọ rí dókítà bó bá nira láti sọ nílé. Kòkòrò yìí ń gba ibi àjọṣe tọkọtaya ràn, ṣùgbọ́n pé ó wà lára yín kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ yan àlè. Mo ti ṣàlàyé ìgbà tó ṣeé ṣe kó wọlé. Ẹ lè jọ jẹun nínú àwo kan, ẹ lè jọ sùn, ẹ lè gbá ọmọ mọ́ra. Abẹ ìfárí, ìgékánná, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ẹ̀rọ ìgẹrun ni kí ẹ má pín lò. Kí ọkọ yín ṣe àyẹ̀wò. Bí wọn ò bá ní in, tí wọn ò sì tíì ní in rí, abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta ni: ọ̀kan lọ́jọ́ náà, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta lóṣù kẹfà. Títí wọ́n á fi gba ẹ̀kẹta, kí ẹ máa lo kọ́ńdọ̀mù.